Níbo ni 640 KB ń gbà lọ? Mẹ́mọ́rì àti ìbámu nínú DOS, Windows àkọ́kọ́, OS/2 àti Mac

Ẹ jẹ́ ká mú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìkòròdú tí ìṣirò ogún ọdún rẹ̀ wà nínú pírógíráàmù DOS (ètò ìṣiṣẹ́ àtijọ́ tó ṣáájú Windows) tí wọ́n fi Clipper, èdè ìkọ pírógíráàmù kan, kọ. Pírógíráàmù náà kò ní àrùn kankan. Ẹ̀rọ tó ń gbé e ló darúgbó: páwà ti jó, háàdì dísìkì ń dún bí ẹni ń lọ ata. Wọ́n wá kọ̀ǹpútà àlòkù mìíràn ní Sábó, mẹ́mọ́rì rẹ̀ jẹ́ 16 MB, wọ́n da fáìlì sí i. Pírógíráàmù tí kò nílò ju 580 KB lọ (KB 1,024 ló wà nínú MB kan) kọ ọ́ sójú síkírínì pé mẹ́mọ́rì kò tó. Ẹni tó bá mú ẹ̀rọ ìṣirò yóò rí i pé 580 KB wọ inú 16 MB nígbà 28. Báwo ni kò ṣe tó?

Kọ̀ǹpútà náà kò parọ́. Mẹ́mọ́rì pọ̀ nílẹ̀, èyí tí ọwọ́ pírógíráàmù náà lè tó ni kò pọ̀. Láti 1981 títí di 1995, gbogbo ètò ìṣiṣẹ́ (operating system) tó jáde ló gbé ìlérí kan rù: pírógíráàmù tí aráàlú ti fi owó rà kò gbọdọ̀ kú. Mẹ́mọ́rì ni wọ́n fi ń san gbèsè ìlérí yẹn. Bí ẹ bá mọ bí ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe san tirẹ̀, ẹ ó mọ ibi tí àtúnṣe wà.

Ilẹ̀ tí wọ́n pín ní 1981

IBM PC jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1981 pẹ̀lú púrósẹ́sọ̀ Intel 8088. Wáyà àdírẹ́sì 20 ló ní, nítorí náà báìtì 1,048,576 ni gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó: MB kan, kò lé, kò dín. Ṣùgbọ́n bíìtì 16 péré ni nọ́ńbà tó lè dì mú nínú ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sì lè kà kọjá 65,535. Intel wá dá ọgbọ́n àdírẹ́sì alápá méjì: ẹ mú apá kìíní, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 16, ẹ fi apá kejì kún un. B800:0000 tí ẹ máa ń rí nínú ìwé àtijọ́ ni B8000 (òǹkà oní-16, tó ń lo 0 dé 9 àti A dé F, la fi kọ ọ́), ibi tí ọ̀rọ̀ ojú síkírínì aláwọ̀ ń gbé. Nípa bẹ́ẹ̀, báìtì kan ṣoṣo lè ní orúkọ púpọ̀: 0040:0000 àti 0000:0400, ibì kan náà ni. Ẹ fi èyí sọ́kàn, yóò tún yọjú níwájú.

IBM pín MB yìí sí méjì. 640 KB ìsàlẹ̀ jẹ́ ti DOS àti pírógíráàmù. 384 KB òkè jẹ́ ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀: A0000 dé BFFFF fún síkírínì, C0000 dé EFFFF fún ROM (mẹ́mọ́rì tí a lè kà nìkan) inú àwọn káàdì, F0000 dé FFFFF fún BIOS, pírógíráàmù tó ń tan ẹ̀rọ. PC àkọ́kọ́ ń jáde pẹ̀lú 16 KB tàbí 64 KB, nítorí náà 640 dà bí ilẹ̀ tí kò lè tán. Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Ìkòròdú ti mọ irú èyí: ìjọba ri òpó mọ́lẹ̀, ó ní òun máa lo ibẹ̀, ọdún ń gorí ọdún, ibẹ̀ sì di igbó, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wá ń kọ́lé lura wọn. Èyí tó pọ̀ nínú 384 KB yẹn, igbó ni.

DOS náà kò bẹ̀rẹ̀ láti òfìfo. CP/M, ètò ìṣiṣẹ́ tí Gary Kildall kọ fún púrósẹ́sọ̀ Intel 8080, ló ṣáájú rẹ̀, 64 KB sì ni gbogbo ayé tiẹ̀. Nínú CP/M, pírógíráàmù ń bẹ̀rẹ̀ ní àdírẹ́sì 0100h, báìtì 256 tó wà níwájú rẹ̀ sì jẹ́ ti ètò ìṣiṣẹ́. Nígbà tí Tim Paterson kọ 86-DOS ní Seattle Computer Products ní 1980, èyí tí Microsoft rà tó di MS-DOS, ó fi báìtì 256 náà sílẹ̀ bó ṣe wà, ó sì jẹ́ kí fáìlì .COM bẹ̀rẹ̀ ní 100h, kí ó lè rọrùn láti kó pírógíráàmù CP/M wá sórí rẹ̀. Títí dòní, bí ẹ bá ṣí fáìlì .COM nínú DEBUG, irinṣẹ́ tó ń fi inú pírógíráàmù hàn, báìtì 256 yẹn ṣì wà níwájú rẹ̀.

Ìbámu CP/M àti ti DOS kò jọra, àwọn ènìyàn sì máa ń ṣi èyí mú. Ní CP/M, pírógíráàmù tó bá ń bá ètò ìṣiṣẹ́ nìkan sọ̀rọ̀ lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà oríṣiríṣi ilé iṣẹ́, ṣùgbọ́n dísìkì ẹ̀rọ kan kì í sábà ṣeé kà nínú ẹ̀rọ kejì, nítorí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń tò ó bó ṣe wù ú. Ní DOS, ìdàkejì ló ṣẹlẹ̀. Dísìkì ṣeé kà, ṣùgbọ́n pírógíráàmù ń yẹ ètò ìṣiṣẹ́ sílẹ̀, ó ń kọ̀wé tààrà sí B8000 nítorí pé ọ̀nà BIOS lọ́ra jù lórí ẹ̀rọ 4.77 MHz. Ẹ̀rọ tí síkírínì rẹ̀ kò sí ní àdírẹ́sì kan náà pẹ̀lú ti IBM kò lè gbé irú pírógíráàmù bẹ́ẹ̀, kódà bó ní MS-DOS nínú. Ohun tó ṣe DEC Rainbow, Victor 9000 àti Tandy 2000 nìyẹn. Lotus 1-2-3, pírógíráàmù ìṣirò, di ìdánwò tí wọ́n fi ń mọ ẹ̀rọ tó bá IBM mu: bó bá ṣí, ẹ̀rọ náà pé.

Bí DOS ṣe ń pín mẹ́mọ́rì rọrùn dé ibi pé ó léwu. Níwájú gbogbo abala mẹ́mọ́rì ni àkọlé báìtì 16 wà, lẹ́tà M ló fi ń bẹ̀rẹ̀, Z sì ni ti èyí tó gbẹ̀yìn. Àkọlé náà sọ ẹni tó ni abala àti bí ó ṣe gùn tó, DOS á sì fi gígùn yẹn mọ ibi tí èyí tó kàn wà. Kò sí odi láàárín wọn. Pírógíráàmù tó bá kọ̀wé kọjá ààlà rẹ̀ á pa àkọlé aládùúgbò rẹ́, kò sì ní sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ títí ẹ ó fi jáde kúrò nínú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni DOS á kọ "Memory allocation error, Cannot load COMMAND, system halted". Ẹ̀bi kì í ṣe ti pírógíráàmù tí ẹ fẹ́ ṣí báyìí, ti èyí tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ni.

Wáyà kọkànlélógún

Intel 80286 jáde ní 1982 pẹ̀lú wáyà 24, ìyẹn 16 MB. IBM fi sínú PC/AT ní 1984. Wàhálà kan wà níbẹ̀ tí kò dà bí ohun ńlá, àmọ́ tó gbilẹ̀ fún ogún ọdún. Lórí 8088, bí ẹ bá ṣírò FFFF:0010, ohun tó jáde ni 100000h, tó nílò wáyà kọkànlélógún. Wáyà yẹn kò sí, nítorí náà àdírẹ́sì náà yí padà sí 00000. Àwọn pírógíráàmù kan gbára lé ìyípadà yìí. Lórí 286, wáyà náà wà, àdírẹ́sì kò sì yí padà mọ́. Kí pírógíráàmù wọ̀nyẹn má baà kú, IBM fi ilẹ̀kùn sẹ́nu wáyà náà, tí a ń pè ní A20 nítorí pé 0 la ti ń kà, ó sì fún ṣíìpù kíbọ́ọ̀dù, 8042, ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nítorí pé ẹsẹ̀ kan ń bẹ lára ṣíìpù yẹn tí kò ní iṣẹ́.

Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, láti FFFF:0010 dé FFFF:FFFF, báìtì 65,520 ń bẹ tí pírógíráàmù DOS lè fọwọ́ kàn láì kúrò nínú ìṣe àtijọ́ (real mode). A ń pè é ní HMA (High Memory Area). Dráífà HIMEM.SYS, pírógíráàmù kékeré tó ń darí mẹ́mọ́rì, ló ń ṣọ́ ọ, ẹnì kan ṣoṣo ló sì lè gbé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Láti DOS 5.0, tó jáde ní oṣù kẹfà 1991, DOS fúnra rẹ̀ lè kó lọ síbẹ̀, yóò sì fi ohun tó lé ní 40 KB sílẹ̀ fún yín nísàlẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá kọ "Unable to control A20 line", ilẹ̀kùn inú mọ́dábọ́ọ̀dù yẹn kò ṣí ní ọ̀nà tí HIMEM rò. Ẹ fi /MACHINE: àti nọ́ńbà kún ìlà HIMEM nínú CONFIG.SYS, fáìlì ètò tí DOS ń kà bí ẹ̀rọ bá ń tan, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1, kí ẹ máa dán wọn wò títí yóò fi gbà.

Ohun tó kù nínú 16 MB ti 286, ọwọ́ DOS kò tó o. Púrósẹ́sọ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sínú ìṣe aláàbò (protected mode) kí ó tó lè dé ibẹ̀, 286 kò sì ní ọ̀nà àtipadà bí ó bá ti wọlé, àfi kí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Ṣíìpù kíbọ́ọ̀dù náà ni AT ń lò láti tún púrósẹ́sọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó lọ́ra.

Ọ̀nà kejì ni EMS (Expanded Memory Specification), tí Lotus, Intel àti Microsoft gbé jáde ní 1985. Ẹ ronú nípa alátẹ tí tábìlì rẹ̀ kò gbà ju abọ́ mẹ́rin lọ, àmọ́ tí sọ́ọ̀bù ẹ̀yìn rẹ̀ kún fọ́fọ́. Tábìlì náà ni fèrèsé 64 KB nínú igbó òkè yẹn, ó pín sí abọ́ mẹ́rin oní-16 KB. Pírógíráàmù á sọ abọ́ tó fẹ́, wọ́n á gbé ọ̀kan wọlé, wọ́n á gbé òmíràn jáde. EMS 3.2 dé 8 MB, 4.0 ti 1987 sì dé 32 MB. Ó dára fún ìṣirò, torí ìṣirò ń lo apá kan lẹ́ẹ̀kan. Kò dára fún pírógíráàmù tó gùn fúnra rẹ̀, nítorí pé pírógíráàmù gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n lò. XMS (Extended Memory Specification), tí HIMEM ń pín, yàtọ̀: ó kàn ń kó ẹrù láti òkè MB kìíní sísàlẹ̀ àti láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ni. Ẹ ka ìwé pírógíráàmù yín kí ẹ mọ èyí tó fẹ́. Bí ẹ bá fún ẹni tó ń wá EMS ní XMS, yóò sọ pé òun kò rí nǹkan kan.

386 àti CONFIG.SYS

386 ló sọ ọ̀rọ̀ di ìrọ̀rùn. Ó jáde ní 1985, àdírẹ́sì rẹ̀ dé 4 GB, ó lè ya mẹ́mọ́rì sí ojú ewé oní-4 KB kí ó sì gbé ojú ewé kọ̀ọ̀kan sí ibi tó bá wù ú, ó tún lè ṣe bí 8086 púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Dráífà EMM386 ń lo èyí láti fi mẹ́mọ́rì òkè dí àwọn àyè tó ṣófo nínú 384 KB. Àwọn àyè tí wọ́n ti dí yẹn ni UMB (Upper Memory Block). Ẹbí ti wọ ilẹ̀ ìjọba, wọ́n sì ti ń dáko níbẹ̀.

Fún ẹ̀rọ 386 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú DOS 5 tàbí 6, ìbẹ̀rẹ̀ CONFIG.SYS tó gún nìyí:

DEVICE=C:\DOS\HIMEM.SYS
DEVICE=C:\DOS\EMM386.EXE NOEMS
DOS=HIGH,UMB
FILES=60
BUFFERS=20

Bí wọ́n ṣe tò tẹ̀léra ṣe pàtàkì. HIMEM gbọ́dọ̀ ṣáájú EMM386, torí EMM386 ń gba mẹ́mọ́rì lọ́wọ́ rẹ̀. NOEMS túmọ̀ sí pé ẹ kò fẹ́ EMS, nítorí náà 64 KB fèrèsé yẹn á di UMB. Bí pírógíráàmù yín bá fẹ́ EMS, ẹ fi RAM rọ́pò NOEMS, ṣùgbọ́n àyè òkè yóò dín 64 KB. Ẹ wá fi DEVICEHIGH gbé dráífà, kí ẹ sì fi LH gbé MOUSE àti MSCDEX (ti CD) nínú AUTOEXEC.BAT, fáìlì kejì tí DOS ń kà bí ẹ̀rọ bá ń tan; méjèèjì ń gbé wọn sínú UMB. Ẹ gbé èyí tó tóbi jù ṣáájú: ọ̀pọ̀ dráífà ń béèrè àyè púpọ̀ nígbà tó bá ń wọlé ju èyí tó máa jókòó sí lọ. Bí àwọn kéékèèké bá ti gé ilẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ńlá kò ní rí àyè, DOS yóò sì gbé e sí ìsàlẹ̀ láì sọ fún yín.

MEM /C /P ni ẹ ó fi wo iṣẹ́ yín. Ìlà tó ṣe pàtàkì ni "Largest executable program size". Bí ẹ bá rí 600 KB sókè níbẹ̀, pírógíráàmù 580 KB inú àpẹẹrẹ wa yóò ṣí. MEMMAKER inú DOS 6 lè ṣe gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀, àmọ́ ẹ fi ọwọ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kan kí ẹ lè mọ ohun tó yí padà.

Ohun tó máa ń bàjẹ́ níbí kò pọ̀, wọ́n sì ní ìdí.

Ẹ̀rọ á dá dúró bí EMM386 bá ti wọlé, tàbí káàdì nẹ́tíwọ̀kì á kú. EMM386 ti dáko sórí àyè tí káàdì náà ń lò tí kò sì fi àmì hàn. Ẹ wo ìwé káàdì, bó bá jẹ́ D000 ló wà tí ó sì gba 16 KB, ẹ kọ X=D000-D3FF sí ìlà EMM386. Ìdàkejì rẹ̀ ni I=B000-B7FF, tó ń fi àyè síkírínì aláwọ̀ kan kún UMB, 32 KB lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ dán an wò pẹ̀lú gbogbo pírógíráàmù yín, nítorí àwọn dráífà síkírínì kan ń lo ibẹ̀.

"Packed file is corrupt" kò túmọ̀ sí pé fáìlì bàjẹ́, ẹ má pa á rẹ́. Irinṣẹ́ EXEPACK ni wọ́n fi fún pírógíráàmù náà pọ̀, kóòdù tó ń tú u sì ń retí kí àdírẹ́sì yí padà bíi ti 8088. Kí DOS tó kó lọ sí òkè, òun ló kún 64 KB àkọ́kọ́, pírógíráàmù ń wọlé lókè ibẹ̀, kò sì sí ìjà. Nígbà tí ẹ tún ilẹ̀ ṣe tán, pírógíráàmù wọlé sísàlẹ̀ 64 KB, ilẹ̀kùn A20 ṣí sílẹ̀, àdírẹ́sì kò yí padà. Ẹ kọ LOADFIX síwájú orúkọ pírógíráàmù, yóò gbé e kọjá 64 KB àkọ́kọ́. Àtúnṣe mẹ́mọ́rì tó dára ló fa àìsàn yìí, ìdí nìyẹn tó fi ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu.

"Incorrect DOS version": pírógíráàmù náà ń wá DOS 3.30, ó rí 6. Ẹ fi DEVICE=C:\DOS\SETVER.EXE sí CONFIG.SYS, ẹ tẹ SETVER ORÚKỌ.EXE 3.30, ẹ tún ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀kan tó kan àwa tí iná ń lọ lójijì: SMARTDRV ń lo XMS láti mú kí dísìkì yára, ó sì lè di ohun tí ẹ kọ mọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kí ó tó kọ ọ́ sí dísìkì. Bí iná bá lọ láàárín yẹn, ìwé ìṣirò yóò fọ́. Ẹ kọ SMARTDRV C láì fi àmì + sí i: yóò máa ran kíkà lọ́wọ́, kò sì ní dá kíkọ dúró. Yíyára tí ẹ pàdánù kò tó nǹkan.

Windows: mẹ́mọ́rì pọ̀, àyè kò sí

Windows 3.0, May 1990, ní ìṣe mẹ́ta: real, standard fún 286, àti 386 enhanced tó ń fẹ́ ó kéré tán 2 MB. 3.1, tó jáde ní April 1992, ju real nù. Nínú 386 enhanced, fèrèsé DOS kọ̀ọ̀kan jẹ́ 8086 kan lọ́tọ̀, ẹ̀dà ohun tó wà nínú mẹ́mọ́rì kí ẹ tó tẹ WIN ló sì ń gbà. Ohun tí ẹ bá gbé ṣáájú WIN ń jẹ nínú gbogbo fèrèsé. Dráífà mouse ti DOS tí kò sí pírógíráàmù DOS tó nílò rẹ̀, ẹ yọ ọ́.

Ibi tó ti há jù ni ibi tí kò sẹ́ni tó ń wò. Windows 3.x ń kó bọ́tìnì, mẹ́nù, fèrèsé àti àwòrán kéékèèké sínú àpò USER àti GDI tí kò lè kọjá 64 KB, nítorí àdírẹ́sì bíìtì 16 ni wọ́n fi kọ wọ́n. Àpò yẹn ni wọ́n ń pè ní System Resources, ìpín ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sì wà nínú Help, About Program Manager. Ẹ lè ní 32 MB, kí Windows sọ pé mẹ́mọ́rì tán, nítorí pé àpò 64 KB ti kún. Fífi RAM kún un kò lè wò ó sàn. Àwọn pírógíráàmù kan kì í dá ohun tí wọ́n mú padà bí ẹ bá pa wọ́n. Ẹ wo ìpín náà kí ẹ tó ṣí i àti lẹ́yìn tí ẹ pa á, ẹ ó mọ olè. Àtúnṣe kan ṣoṣo ni kí ẹ jáde kúrò nínú Windows kí ẹ padà wọlé.

Bí Windows 3.1 bá ń dákú ní 386 enhanced, àmọ́ tó ń ṣí dáadáa pẹ̀lú WIN /S, ẹ fi EMMExclude=A000-FFFF sí abẹ́ [386Enh] nínú SYSTEM.INI. Bó bá gbà, ìjà àdírẹ́sì ni. Ẹ wá dín ààlà náà kù díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi rí káàdì tó ń jà.

OS/2 àti Mac

OS/2 1.0 jáde ní December 1987 fún 286, ó sì san owó orí rẹ̀. Àpótí DOS kan ṣoṣo ló ní, torí 286 kò lè ṣe ju ẹ̀dà kan lọ. Àpótí náà ń sùn bí ẹ bá fi í sẹ́yìn, bí pírógíráàmù inú rẹ̀ bá sì wó, ó lè wó gbogbo ilé. 2.0 ti April 1992 jẹ́ fún 386, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sí DOS nínú rẹ̀ dára ju ti DOS fúnra rẹ̀ lọ. Àpótí kọ̀ọ̀kan ní ètò tirẹ̀: EMS mélòó, XMS mélòó, DPMI (ọ̀nà tí pírógíráàmù DOS ń gbà lo ìṣe aláàbò) mélòó. Bí ẹ bá sọ VIDEO_MODE_RESTRICTION di CGA, àyè síkírínì láti A0000 dé B7FFF á di ti pírógíráàmù: 640 pẹ̀lú 96, 736 KB. Fún ìwé ìṣirò tí kò lo àwòrán, kò sí DOS tó fún un ní àyè tó bẹ́ẹ̀ láì wàhálà. Ohun tó kọ̀ ni pírógíráàmù VCPI (ọ̀nà àtijọ́ mìíràn sí ìṣe aláàbò), nítorí irú wọn fẹ́ jọba lórí púrósẹ́sọ̀, OS/2 kò sì fi oyè lélẹ̀.

OS/2 2.x pẹ̀lú san gbèsè: pírógíráàmù kọ̀ọ̀kan kò rí ju 512 MB àdírẹ́sì lọ nínú 4 GB. Ìdí ni pé ó fẹ́ kí kóòdù bíìtì 16 àti bíìtì 32 lè jọ lo mẹ́mọ́rì kan náà, tábìlì Intel tó gbé ti bíìtì 16 kò sì ní ju ojú 8,192 lọ. 8,192 lọ́nà 64 KB, 512 MB nìyẹn.

Mac gba ọ̀nà mìíràn. Ẹ̀rọ 1984 ní 128 KB péré, nítorí náà wọ́n kọ Memory Manager tó lè sún nǹkan káàkiri. Pírógíráàmù kì í di nǹkan mú fúnra rẹ̀, ó ń di ìwé tó tọ́ka sí ibi tó wà mú, ètò ìṣiṣẹ́ á sì tún ìwé náà kọ bó bá sún un. Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n 68000 kò lo ju bíìtì 24 lọ nínú àdírẹ́sì 32, wọ́n sì fi mẹ́jọ tó ṣẹ́kù kọ àmì sí. Nígbà tí System 7 wá ní 1991 tó fẹ́ lo bíìtì 32 pé, àmì wọ̀nyẹn di ẹ̀gún. ROM inú Mac II, IIx, IIcx àti SE/30 gan-an kò mọ́, MODE32 láti ọwọ́ Connectix ló tún un ṣe. Lórí Mac, pírógíráàmù kọ̀ọ̀kan tún ní ìwọ̀n mẹ́mọ́rì tí ẹ fún un nínú Get Info. Bó bá ní kò tó, nígbà tí mẹ́mọ́rì ṣì pọ̀ nínú ẹ̀rọ, ẹ pa á, ẹ fi nọ́ńbà náà kún, ẹ ṣí i padà. Ètò ìṣiṣẹ́ kò lè fi kún un fúnra rẹ̀.

Windows 95, NT, àti ohun tí ẹ lè ṣe lónìí

Windows 95 fún pírógíráàmù bíìtì 32 ní àyè tiwọn, láti 4 MB dé 2 GB. Láàárín 2 GB àti 3 GB, gbogbo wọn jọ ń lo ibì kan náà, gbogbo wọn sì lè kọ̀wé síbẹ̀, kí pírógíráàmù Windows 3.1 má baà ṣàjèjì. Ìdí nìyẹn tí pírógíráàmù kan fi lè ba gbogbo ilé jẹ́. Bó bá lọ́ra lójijì, ẹ ṣí System, Performance: bí ẹ bá rí "MS-DOS compatibility mode", dráífà DOS kan ń bẹ nínú CONFIG.SYS tí Windows kò fọkàn tán. Ẹ yọ ọ́. Ẹ má sì kó RAM tó lé ní 512 MB sínú 95 tàbí 98 láì fi MaxFileCache=524288 sábẹ́ [vcache] nínú SYSTEM.INI.

Windows NT, July 1993, kọ̀ láti san owó yẹn. 12 MB ló ń béèrè ó kéré tán, owó ńlá ni nígbà náà, ó sì fi DOS sínú NTVDM, ẹ̀rọ DOS àfarawé, tí kò jẹ́ kí pírógíráàmù fọwọ́ kan ẹ̀rọ tààrà. Pírógíráàmù ìṣirò ń ṣiṣẹ́ dáadáa nínú rẹ̀. Èyí tó ń bá káàdì àjèjì sọ̀rọ̀ kò ṣiṣẹ́. Windows bíìtì 64 kò ní NTVDM rárá, torí púrósẹ́sọ̀ tó wà ní ìṣe bíìtì 64 kò lè ṣe bí 8086 mọ́. Windows 11 kò ní ẹ̀dà bíìtì 32, nítorí náà ẹni tó bá ra kọ̀ǹpútà tuntun kò lè tẹ EXE DOS kó ṣí.

Fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yẹn, ohun tí a máa kọ́kọ́ dábàá ni ẹ̀rọ àlòkù kan pẹ̀lú Windows XP tàbí 7 bíìtì 32. Ẹ ṣí C:\WINDOWS\SYSTEM32\CONFIG.NT, ẹ kọ FILES=99. Nínú AUTOEXEC.NT, ẹ kọ SET CLIPPER=F:90, torí Clipper 5 ń ka tirẹ̀ lọ́tọ̀, bí ẹ bá sì fi èkejì sílẹ̀, fáìlì kò ní ṣí. Bí ẹ bá fẹ́ DOS gidi, FreeDOS wà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kí pátíṣọ̀n má ju 2 GB lọ, nítorí àwọn pírógíráàmù àtijọ́ ń ka àyè tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ sí òǹkà òdì. DOSBox, pírógíráàmù tó ń ṣe bí ẹ̀rọ DOS, gbajúmọ̀, ṣùgbọ́n géèmù ni wọ́n ṣe é fún, DOSBox 0.74 kò sì lè tẹ̀wé gba LPT, ojú ìtẹ̀wé àtijọ́. Ẹ má fi ìwé owó ẹgbẹ́ sínú rẹ̀. "Runtime error 200" ní tirẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ mẹ́mọ́rì: pírógíráàmù Turbo Pascal ń wọn bí ẹ̀rọ ṣe yára tó, èsì náà kò sì wọ bíìtì 16. TPPATCH ń tún EXE náà ṣe; ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀.

Ìtẹ̀wé ló máa ń kù. Pírógíráàmù DOS mọ LPT1 nìkan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín sì jẹ́ USB. Ẹ ṣe share ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà nínú Windows, ẹ fún un ní orúkọ kúkúrú bíi IWE, kí ẹ sì tẹ:

NET USE LPT1: \\ORÚKỌ-KỌ̀ǸPÚTÀ\IWE /PERSISTENT:YES

Ẹ dán an wò pẹ̀lú DIR > LPT1. Bí lẹ́tà bá jáde lórí ìwé, pírógíráàmù náà yóò tẹ̀. Bí ìwé òfìfo bá jáde, tàbí tí kò sí nǹkan kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà jẹ́ irú èyí tó ń dúró de Windows kó ya àwòrán fún un, kò mọ lẹ́tà lásán. Ẹ wá èyí tó gbọ́ ESC/P, èdè àṣẹ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Epson, bíi Epson LX-300, kí ẹ tó ra ohun mìíràn.